Láísẹ́ǹsì Sọ́fítíwíà: Bẹ́ ẹ Ṣe Lè Mọ Èyí Tó Lómìnira Lóòótọ́

Ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí ṣáá: “Mo rí kóòdù kan lórí GitHub, wọ́n kọ open source sí i gàdàgbà, ṣé mo lè fi ṣiṣẹ́ fún kọ́sítọ́mà mi kí n sì gba owó?” Ìdáhùn mi ni pé ẹ lọ ka láísẹ́ǹsì ẹ̀, ìwé tó sọ ohun tí ẹni tó kọ kóòdù náà gbà kẹ́ ẹ fi ṣe. Mo mọ̀ pé kò dùn ún gbọ́, torí Gẹ̀ẹ́sì àwọn lọ́yà ló kún inú ẹ̀, àmọ́ kì í gùn tó bẹ́ ẹ ṣe rò, láísẹ́ǹsì tó ń jẹ́ MIT ò ju ìpínrọ̀ mẹ́ta lọ, àti pé tẹ́ ẹ bá ti mọ ibi tẹ́ ẹ máa wò, ọ̀pọ̀ ìgbà lẹ ò tiẹ̀ ní kà á tán kẹ́ ẹ tó mọ ibi tọ́rọ̀ wà. Ẹ ṣí kóòdù tẹ́ ẹ fẹ́ lò sí ẹ̀gbẹ́ kan, kẹ́ ẹ máa bá mi bọ̀.

Ohun kan ká tó bẹ̀rẹ̀. Pé wọn ò gba owó lọ́wọ́ yín ò sọ pé ẹ ní òmìnira. WhatsApp ò gba kọ́bọ̀, àmọ́ ta ló gbà yín láyè láti tún app yẹn ṣe kẹ́ ẹ wá pín in fáwọn èèyàn? Bẹ́ẹ̀ náà lẹnì kan lè ta sọ́fítíwíà tó lómìnira fún yín lówó gọbọi, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó yàtọ̀, ọ̀rọ̀ àṣẹ yàtọ̀.

Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Tí owó ńlá bá wà nídìí iṣẹ́ náà, ẹ fi han lọ́yà.

## Ohun mẹ́rin tẹ́ ẹ máa fi dá a lẹ́jọ́

FSF (Free Software Foundation), àjọ tí Richard Stallman dá sílẹ̀ lọ́dún 1985, sọ pé ẹ̀tọ́ mẹ́rin ni sọ́fítíwíà gbọ́dọ̀ fún ẹni tó bá ní ẹ̀dà ẹ̀ lọ́wọ́. Òdo ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ẹ má bi mí, àwọn tó ń kọ kóòdù la ń sọ̀rọ̀ wọn yìí:

- 0. Kẹ́ ẹ lò ó fún ohunkóhun tó bá wù yín: ọjà, iléèwé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ohunkóhun.
- 1. Kẹ́ ẹ yẹ inú ẹ̀ wò kẹ́ ẹ sì tún un ṣe bó ṣe wù yín. Kóòdù ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní àrọ́wọ́tó nìyẹn.
- 2. Kẹ́ ẹ ṣe ẹ̀dà ẹ̀ fún ẹlòmíì, lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó.
- 3. Kẹ́ ẹ pín èyí tẹ́ ẹ ti tún ṣe fún aráyé.

Tí ọ̀kan ṣoṣo bá ti yẹ̀, ó tán. Kò sí pé ó gba mẹ́ta nínú mẹ́rin, kì í ṣe WAEC. Àwọn tó ń ṣe Debian, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux, ní ìlànà tiwọn, OSI (Open Source Initiative), àjọ tó ń fọwọ́ sí láísẹ́ǹsì open source, náà ní tiwọn tó jẹ́ kókó mẹ́wàá, àmọ́ ibì kan náà ni gbogbo wọn ń lọ, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ò tó nǹkan.

Ibi tó ti máa ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú nìyí: láísẹ́ǹsì lè ní kẹ́ ẹ ṣe nǹkan kan kó sì ṣì lómìnira. Ó lè ní kẹ́ ẹ má yọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ kúrò. Ó lè ní tẹ́ ẹ bá pín in fún ẹlòmíì kẹ́ ẹ fún onítọ̀hún ní kóòdù náà, bí láísẹ́ǹsì tó ń jẹ́ GPL ṣe sọ. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kó máa yan irú ẹni tó lè lò ó, tàbí iṣẹ́ tẹ́ ẹ lè fi ṣe, tàbí iye èèyàn tó lè lò ó.

## Igbésẹ̀ 1: Ẹ wá fáìlì láísẹ́ǹsì fúnra ẹ̀

1. Ẹ wo fódà àkọ́kọ́ pátápátá. Orúkọ tó sábà máa ń jẹ́ ni LICENSE, LICENSE.md, LICENSE.txt tàbí COPYING.
2. Lórí GitHub, ẹ wo apá ọ̀tún lábẹ́ About. Tó bá kọ “MIT license” tàbí “GPL-3.0 license”, ó dáa, ẹ máa bá a lọ. Tó bá jẹ́ “View license” lásán ló kọ, ẹ la ojú yín dáadáa, GitHub ò dá ohun tó wà nínú fáìlì yẹn mọ̀, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti fi ọwọ́ ara ẹ̀ ki gbólóhùn kan bọ inú láísẹ́ǹsì tí gbogbo ayé mọ̀.
3. Ẹ má fi README, fáìlì àlàyé tó wà níwájú kóòdù, ṣe ẹ̀rí. Ẹnu dùn ún ròfọ́, ẹnikẹ́ni ló lè kọ “free and open source” sí iwájú ilé ẹ̀.

Ìkìlọ̀: Tí kò bá sí láísẹ́ǹsì kankan, kò túmọ̀ sí pé ẹ lè lò ó bó ṣe wù yín. Òdìkejì ẹ̀ gan-an ni. Látìgbà tí onítọ̀hún ti kọ kóòdù yẹn ló ti ní copyright (ẹ̀tọ́ oní-nǹkan) lórí ẹ̀, kò ní kó forúkọ sílẹ̀ níbì kankan, òfin Copyright Act 2022 ti Nàìjíríà náà ka kóòdù kọ̀ǹpútà mọ́ ohun tó ń dáàbò bò. Ohun tí òfin GitHub fún yín kò ju pé kẹ́ ẹ wò ó kẹ́ ẹ sì fork ẹ̀ (ṣe ẹ̀dà ẹ̀ sábẹ́ orúkọ yín) níbẹ̀ lọ. Kẹ́ ẹ wá gbé e sórí sáfà kọ́sítọ́mà? Rárá o.

## Igbésẹ̀ 2: Ẹ mọ orúkọ ẹ̀ gan-an

“GPL ni” ò tó. Ṣé GPL-2.0-only ni àbí GPL-2.0-or-later, ṣé GPL-3.0 ni? “Creative Commons ni” tiẹ̀ tún burú jù, torí CC BY yàtọ̀ sí CC BY-NC, CC BY-NC sì yàtọ̀ sí CC BY-ND, èyí tí wọ́n fi NC sí ò gbà kẹ́ ẹ fi pawó, èyí tí wọ́n fi ND sí ò gbà kẹ́ ẹ pín èyí tẹ́ ẹ tún ṣe. Àwọn méjèèjì ò lómìnira.

Orúkọ kúkurú tí SPDX, àkójọ kan tó ń fún láísẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan lórúkọ, fún wọn lẹ máa wá: MIT, BSD-3-Clause, Apache-2.0, MPL-2.0, AGPL-3.0-only, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ máa ń rí i nínú package.json, nínú pyproject.toml, tàbí lókè fáìlì kóòdù fúnra ẹ̀ níbi tí wọ́n kọ “SPDX-License-Identifier” sí.

Pàkúté kan wà fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo npm láti gba package JavaScript. `Unlicense` àti `UNLICENSED`, lẹ́tà kan péré ló fi jura wọn lọ, àmọ́ wọ́n jìnnà síra bí ọ̀run ṣe jìnnà sí ayé. Unlicense ni ẹni tó sọ pé òun ò fẹ́ ẹ̀tọ́ kankan mọ́, ẹ máa mú un lọ. UNLICENSED nínú package.json ni ẹni tó sọ pé òun ò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ ohunkóhun. Ẹ kà á tán dé lẹ́tà tó gbẹ̀yìn.

## Igbésẹ̀ 3: Ẹ wò ó bóyá ó wà nínú àkójọ àwọn tó mọ̀ ọ́n

1. Ẹ ṣí àkójọ OSI ní opensource.org/licenses.
2. Ẹ ṣí ti FSF lórí gnu.org, wọ́n to èyí tó lómìnira sápá kan, wọ́n to èyí tí kò lómìnira sápá kan, wọ́n sì ṣàlàyé ìdí ẹ̀.
3. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí méjèèjì lójú kan náà, ẹ lọ sí spdx.org/licenses, ibẹ̀ ni wọ́n ti fi àmì sí èyí tí FSF gbà àti èyí tí OSI gbà.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, pé láísẹ́ǹsì kan wà lórí SPDX ò já mọ́ nǹkan kan. Orúkọ ni SPDX ń fún wọn, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí. SSPL-1.0 wà níbẹ̀, BUSL-1.1 wà níbẹ̀, CC-BY-NC-4.0 wà níbẹ̀, kò sì sí èyí tó lómìnira nínú wọn. Àmì tó wà níwájú wọn ni kẹ́ ẹ wò.

Tí àkójọ méjèèjì bá ta kora ńkọ́? Ó ṣọ̀wọ́n. CC0 ni àpẹẹrẹ tí mo sábà máa ń sọ: FSF gbà pé ó lómìnira, OSI ò fọwọ́ sí i torí ohun tó sọ nípa patent (ẹ̀tọ́ lórí ohun téèyàn hùmọ̀). Tẹ́ ẹ bá bá irú ẹ̀ pàdé, ẹ ka ìdí tí wọ́n sọ, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó kàn yín.

Tó bá wà nínú àkójọ méjèèjì, tí ọ̀rọ̀ inú fáìlì náà sì bá ojúlówó mu, ẹ fo igbésẹ̀ 4 àti 5, kẹ́ ẹ lọ sí 6 tààrà. Tí kò bá sí nínú ìkankan, ẹ jókòó, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

## Igbésẹ̀ 4: Ẹ fi Ctrl+F wá àwọn ọ̀rọ̀ yìí

Láísẹ́ǹsì táwọn kọ́ńpìnì kọ fúnra wọn máa ń dùn lẹ́nu ní ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, wọ́n á ní ẹ lè lò ó, ẹ lè tún un ṣe, ẹ lè pín in, ẹ ó ti máa dúpẹ́, wọ́n á wá fi “ṣùgbọ́n” sísàlẹ̀. “Ṣùgbọ́n” yẹn lẹ ń wá:

- non-commercial tàbí noncommercial: ẹ ò lè fi pawó. Ó ti tako òmìnira 0.
- evaluation, trial: kẹ́ ẹ kàn tọ́ ọ wò ni.
- internal business purposes: nínú iléeṣẹ́ yín nìkan. n8n tí ọ̀pọ̀ yín ń lò nísinsìnyí láti mú kí iṣẹ́ máa ṣe ara ẹ̀, irú ẹ̀ ló wà nínú Sustainable Use License wọn. Tẹ́ ẹ bá fi ṣe iṣẹ́ ara yín, kò sí wàhálà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé n8n fúnra ẹ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ máa gba owó oṣooṣù lọ́wọ́ àwọn èèyàn kí wọ́n lè wọlé lò ó, wàhálà ti dé nìyẹn.
- competing, managed service, hosted: wọn ò fẹ́ kẹ́ ẹ bá wọn du ọjà.
- educational, academic, research: akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ nìkan.
- monthly active users: Láísẹ́ǹsì Llama, módẹ́ẹ̀lì AI ti Meta, ni mo ti rí i. Tí àwọn tó ń lo ọjà yín bá ti ju 700 mílíọ̀nù lọ lóṣù tó ṣáájú èyí tí wọ́n gbé version yẹn jáde, ẹ gbọ́dọ̀ lọ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ Meta. Ẹ máa ní “ta ló fẹ́ ní 700 mílíọ̀nù èèyàn?” Kì í ṣe ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Láísẹ́ǹsì tó bá ti ń yan ẹni tó lè lo nǹkan ti kúrò lára èyí tó lómìnira, kódà kó jẹ́ pé ẹ̀yin kọ́ ló ń lé.
- Good, Evil, harm, ethical: láísẹ́ǹsì JSON sọ pé “The Software shall be used for Good, not Evil.” Àwàdà lẹ máa kà á sí, àmọ́ FSF àti Debian ò gbà á, torí ta ló máa sọ ohun tó jẹ́ ibi? Hippocratic License náà, ète ẹ̀ dáa, kò lómìnira.
- revoke, terminate, at any time: ẹ ka èyí tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀. Tó bá ní àṣẹ yín máa parí tẹ́ ẹ bá rú àdéhùn, kò burú, GPL náà sọ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tó bá wu oní-nǹkan ló lè gbà á padà, ẹ sá.

“May not” àti “shall not” náà yẹ ní wíwá, àmọ́ ẹ má tìtorí ẹ̀ ní àyà jíjá, torí wọ́n wà nínú GPL náà, níbi tó ti ní ẹ ò gbọ́dọ̀ dí ẹlòmíì lọ́wọ́. Ẹ ka gbólóhùn tó wà yí i ká.

## Igbésẹ̀ 5: Ìdánwò mẹ́ta ti Debian

Tẹ́ ẹ bá kà á tán tó ṣì rú yín lójú, àwọn ará Debian tó máa ń jiyàn lórí láísẹ́ǹsì ní ìdánwò mẹ́ta tí mo fẹ́ràn gan-an:

1. Ẹni tó há sí erékùṣù. Ẹnì kan wà lóun nìkan láàárín òkun, kọ̀ǹpútà ẹ̀ ń lo sólà, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé ó lè tún kóòdù yìí ṣe láìrúfin? Tí láísẹ́ǹsì bá sọ pé gbogbo àtúnṣe tẹ́ ẹ bá ṣe, dandan ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí oní-nǹkan, ó ti féèlì.
2. Alátakò ìjọba. Ẹnì kan ń gbé lábẹ́ ìjọba apàṣẹwàá, ó tún kóòdù ṣe, ó fẹ́ fún àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ láìjẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀ pé òun ni. Láísẹ́ǹsì tó bá fi dandan lé e pé kó sọ orúkọ ara ẹ̀, tàbí kó fi kóòdù ránṣẹ́ sí ẹni tí kò fún ní nǹkan kan, féèlì.
3. Ọwọ́ ìkà. Ká ní kọ́ńpìnì burúkú kan ra gbogbo ẹ̀tọ́ kóòdù yìí lọ́la, ṣé wọ́n lè gba òmìnira tẹ́ ẹ ti ní lórí èyí tó wà lọ́wọ́ yín? Tí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, féèlì.

Ìkẹta yìí gan-an ni mo máa fi dá yín dúró tẹ́ ẹ bá ń kánjú. Àwọn kọ́ńpìnì kì í kú, wọ́n máa ń tà wọ́n ni.

## Igbésẹ̀ 6: Ẹ yẹ àyíká ẹ̀ wò

Láísẹ́ǹsì lè dáa kí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

- Gbólóhùn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá rí “Apache 2.0 with Commons Clause”, Apache yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ yín. Commons Clause ló gba ẹ̀tọ́ àti tà á kúrò.
- Fáìlì kejì. React ti Facebook ní fáìlì PATENTS lẹ́gbẹ̀ẹ́ LICENSE nígbà kan, ariwo pọ̀ lórí ẹ̀, lọ́dún 2017 ni wọ́n tó yí i sí MIT lásán.
- Fódà tó dá yàtọ̀. MIT ni ọ̀pọ̀ kóòdù GitLab, àmọ́ èyí tó wà nínú fódà `ee` ní láísẹ́ǹsì tiẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ sanwó kẹ́ ẹ tó lò ó. Àwọn míì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ máa wá fódà `ee` tàbí `enterprise`.
- Fọ́ǹtì, àwòrán, dátà. Láísẹ́ǹsì kóòdù lè má kàn wọ́n rárá. Fọ́ǹtì Noto tó ń gbé àmì ohùn Yorùbá dáadáa, SIL Open Font License ló wà lórí ẹ̀. Láísẹ́ǹsì yẹn ò gbà kẹ́ ẹ ta fọ́ǹtì ní òun nìkan, síbẹ̀ FSF gbà á, torí tẹ́ ẹ bá ti lè dì í pọ̀ mọ́ sọ́fítíwíà kékeré kan, ẹ lè tà á.
- Àwọn package tó gbé sẹ́yìn. Ẹ fi `pip-licenses` wò ó fún Python, kẹ́ ẹ fi `npx license-checker --summary` wò ó fún Node. Èyí tó bá kọ UNKNOWN, ẹ lọ wò ó fúnra yín.

### Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan fínnífínní

Èyí ló kan àwa Yorùbá jù, mo sì máa ń rí àwọn tó kó sí i. Ẹ fẹ́ ṣe app tó ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, ẹ fẹ́ máa gba owó díẹ̀ lóṣù. Ẹ rí NLLB-200, módẹ́ẹ̀lì tí Meta gbé jáde lọ́dún 2022, èdè 200 ló gbọ́, Yorùbá wà níbẹ̀. Ẹ wo láísẹ́ǹsì kóòdù ẹ̀ lórí GitHub: MIT. Inú yín dùn, ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ dúró ná. Kóòdù yẹn kọ́ ló ń túmọ̀ nǹkan, módẹ́ẹ̀lì fúnra ẹ̀, fáìlì ńlá tẹ́ ẹ dáńlóòdù láti Hugging Face, ibi táwọn èèyàn ń kó módẹ́ẹ̀lì sí, òun ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ lọ wo ojú ewé ẹ̀ níbẹ̀, lókè níbi tí wọ́n to àwọn àmì sí: `cc-by-nc-4.0`. NC yẹn nìyẹn. Ẹ lè fi ṣe ìwádìí, ẹ lè fi ṣeré nílé, ẹ ò lè fi ṣe app tí ẹ ń gba owó lé. MMS wọn tó ń ka Yorùbá jáde lóhùn, bákan náà. MENYO-20k, àkójọ gbólóhùn Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì táwọn èèyàn fi ń kọ́ módẹ́ẹ̀lì, òun náà ò gbà kẹ́ ẹ fi pawó.

Ẹ wá yí ojú síbòmíì. M2M-100, tí Meta kan náà gbé jáde ṣáájú, MIT ni, Yorùbá wà nínú èdè ọgọ́rùn-ún tó gbọ́. MADLAD-400 ti Google jẹ́ Apache-2.0. Fún ohùn, Whisper ti OpenAI, MIT ni kóòdù ẹ̀, MIT ni módẹ́ẹ̀lì ẹ̀, àmọ́ kí n má purọ́ fún yín, Yorùbá tó ń kọ jáde ò tíì dáa tó, iṣẹ́ wà fún yín níbẹ̀. Òmìnira wà láti ṣe iṣẹ́ náà ṣá.

## Igbésẹ̀ 7: Ẹ wo version àti ọjọ́ orí ẹ̀

Láísẹ́ǹsì máa ń yí. Ohun tẹ́ ẹ gbọ́ nínú fídíò YouTube ọdún mẹ́ta sẹ́yìn lè ti di ìtàn. Ẹ wo àwọn sọ́fítíwíà iṣẹ́ sáfà mẹ́rin yìí:

- MongoDB kúrò lórí AGPL lọ sí SSPL lóṣù kẹwàá 2018.
- Elasticsearch fi Apache sílẹ̀ lọ́dún 2021, wọ́n tún wá fi AGPL kún un lọ́dún 2024.
- Terraform kúrò lórí MPL-2.0 lọ sí BUSL lóṣù kẹjọ 2023.
- Redis fi BSD sílẹ̀ lóṣù kẹta 2024, nígbà tó di Redis 8 lọ́dún 2025 wọ́n fi AGPL kún un.

Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ń lọ ó ń bọ̀. Ìròyìn ayọ̀ ibẹ̀ ni pé version tí wọ́n ti gbé jáde pẹ̀lú láísẹ́ǹsì tó lómìnira, bẹ́ẹ̀ ló máa wà. Redis 7.2 ṣì jẹ́ BSD. Terraform 1.5 ṣì jẹ́ MPL. Nítorí náà, ẹ wo láísẹ́ǹsì tó wà nínú version tẹ́ ẹ fẹ́ lò gan-an, kì í ṣe èyí tó wà lórí `main` (ẹ̀ka kóòdù tí wọ́n ṣì ń tún ṣe) lónìí, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà fáìlì LICENSE yẹn mọ́ iṣẹ́ yín.

BUSL máa ń tan àwọn èèyàn torí ó ní ọjọ́ kan ń bọ̀, kì í ju ọdún mẹ́rin lọ, tí kóòdù náà máa bọ́ sábẹ́ láísẹ́ǹsì tó lómìnira. Ó dáa, àmọ́ kó tó dọjọ́ yẹn, kò tíì lómìnira.

## Àwọn àṣìṣe tí mo ń rí lójoojúmọ́

“GPL ò gbà kéèyàn tà nǹkan.” Irọ́ ni. Ẹ tà á níye tó bá wù yín. Kẹ́ ẹ ṣáà ti fún ẹni tó rà á ní kóòdù ẹ̀ àti àṣẹ kan náà tẹ́ ẹ ní.

“Mo rí kóòdù ẹ̀, nítorí náà ó lómìnira.” Kóòdù `unrar`, èyí tí wọ́n fi ń tú fáìlì RAR, wà níta gbangba, gbogbo ayé ń rí i, síbẹ̀ apá non-free ni Debian fi sí, torí láísẹ́ǹsì ẹ̀ ní ẹ ò gbọ́dọ̀ fi kóòdù náà ṣe ohun tó máa ń di fáìlì RAR.

“AGPL àti SSPL, ọ̀kan náà ni.” Wọn ò jọra. AGPL ní tẹ́ ẹ bá tún sọ́fítíwíà ṣe, táwọn èèyàn ń lò ó láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kí wọ́n lè rí kóòdù sọ́fítíwíà yẹn. Ó lómìnira. SSPL ní tẹ́ ẹ bá ń tà á gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé kóòdù gbogbo ohun tó yí i ká jáde, èyí tẹ́ ẹ fi ń ṣe backup, èyí tẹ́ ẹ fi ń ṣọ́ sáfà, gbogbo ẹ̀ pátá. OSI ò fọwọ́ sí i. Èmi ò bínú sí MongoDB o, inú lè bí èèyàn téèyàn bá kọ nǹkan káwọn olówó kan wá máa jẹ lórí ẹ̀ láìdá nǹkan kan padà. Àmọ́ kí wọ́n má pè é ní open source.

“Tí méjèèjì bá ti lómìnira, mo lè pò wọ́n pọ̀.” Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Lójú FSF, kóòdù Apache-2.0 ò ṣeé pò mọ́ GPL-2.0-only, àmọ́ ó ṣeé pò mọ́ GPL-3.0. Ọ̀rọ̀ òmìnira yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ pé ṣé wọ́n bára wọn mu.

“Gbogbo èèyàn ló ń lò ó.” Ẹ̀n-ẹ́n, kí ló wá kan láísẹ́ǹsì?

## Tí kò bá yege ńkọ́?

1. Tí kò bá ní láísẹ́ǹsì rárá, ẹ ṣí issue (ibi tí wọ́n ti ń kọ ìbéèrè) lórí repo náà, ìyẹn ojú ewé kóòdù ẹ̀, ẹ kí onítọ̀hún, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ lo iṣẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó fi láísẹ́ǹsì sí i, kẹ́ ẹ sì dárúkọ ọ̀kan tàbí méjì tó lè mú. Ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n kàn gbàgbé ni. Pé ó fèsì “no problem, use it” lórí WhatsApp ò tó o, kó wà nínú fáìlì.
2. Ẹ wá àbúrò ẹ̀ tó lómìnira. OpenTofu dípò Terraform, Valkey dípò version Redis tí kò lómìnira, OpenSearch dípò version Elasticsearch tí kò lómìnira, Node-RED dípò n8n, `unar` dípò `unrar`.
3. Ẹ ra àṣẹ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Tí láísẹ́ǹsì kan ò bá lómìnira àmọ́ iṣẹ́ yín bá ohun tó gbà mu, ẹ lè lò ó, kẹ́ ẹ ṣáà ti mọ ohun tẹ́ ẹ tọwọ́ bọ̀.
4. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì bá yín wò ó. Tẹ́ ẹ bá ń lo Debian, ohun tó bá wà nínú `main`, wọ́n ti yẹ láísẹ́ǹsì ẹ̀ wò, ẹ sì lè ka àlàyé ẹ̀ nínú `/usr/share/doc/` lábẹ́ orúkọ package náà, fáìlì tó ń jẹ́ `copyright`. `contrib` ni èyí tó lómìnira fúnra ẹ̀ àmọ́ tó nílò ohun tí kò lómìnira kó tó ṣiṣẹ́. Lórí fóònù Android, F-Droid ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, wọ́n tún máa ń fi àmì sára app tó bá gbára lé ohun tí kò lómìnira.

## Ṣẹ́ẹ̀kì kíákíá

- [ ] Mo rí fáìlì LICENSE, mo ṣí i
- [ ] Mo mọ orúkọ SPDX ẹ̀ tán, títí dé `only` tàbí `or-later`
- [ ] FSF tàbí OSI gbà á
- [ ] Kò sí gbólóhùn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn
- [ ] Mo wo módẹ́ẹ̀lì, fọ́ǹtì àti dátà lọ́tọ̀
- [ ] Version tí mo fẹ́ lò gan-an ni mo kà
- [ ] Mo ti tọ́jú ẹ̀dà láísẹ́ǹsì náà

## Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ gbé kóòdù jáde

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ láísẹ́ǹsì fúnra yín. Mo ti rí èyí tí ọmọ wa kan fi kún MIT ẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi kóòdù òun ṣe yahoo. Mo mọ ohun tó rò, àmọ́ ó ti sọ kóòdù ẹ̀ di èyí tí kò lómìnira, bíi ti JSON tí mo sọ lókè, àti pé ọmọ yahoo wo ló ń ka láísẹ́ǹsì? Òfin orílẹ̀-èdè ti wà fún jìbìtì. Ẹ lọ sí choosealicense.com, ẹ mú MIT tẹ́ ẹ bá fẹ́ kẹ́nikẹ́ni lò ó bó ṣe wù ú, ẹ mú GPL-3.0 tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ẹni tó bá pín in máa pín kóòdù mọ́ ọn, ẹ mú AGPL-3.0 tó bá jẹ́ ohun orí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ da gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ kọ láìyí nǹkan kan padà, kẹ́ ẹ fi sínú fódà àkọ́kọ́ pẹ̀lú orúkọ LICENSE. Tó bá jẹ́ MIT lẹ mú, ẹ kọ ọdún àti orúkọ yín síbi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un, kẹ́ ẹ tó ṣí repo náà fún aráyé.